Ṣé Ẹ Lọ́kọ?

Mi ò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni bi mí ní ìbéèrè láti ẹ̀yìn tábìlì. Ì báà ṣe báńkì, ì báà ṣe ilé ìwòsàn, ì báà ṣe ọmọdé tí ìjọba rán pé kó wá ka èrò inú ilé, bí mo bá ti rí i tó gbé bírò lé ìwé tó sì gbójú sókè sí mi, ara mi á ti máa gbóná. Àwọn ọmọ mi ní mo ti le jù, pé ẹni tí kò ṣẹ̀ mí ni mò ń kanra mọ́. Wọ́n lè ní òótọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí akọ̀wé kan bi ìyá mi ní ìbéèrè ẹyọ kan ní Ẹ̀rúwà, tí ìyá mi dá a lóhùn bó ṣe yẹ kí obìnrin tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé dáhùn, tí ìdáhùn yẹn sì tú ilé wa ká.

Lébìrà ọ̀nà ni bàbá mi. Àwọn ni wọ́n máa ń gbẹ́ yangí fún ìjọba, tí wọ́n á fi dí kòtò ojú ọ̀nà láti Igbó-Ọrà títí dé ìhà Ẹ̀rúwà. Kò mọ̀wé, kò sì jẹ́ kí a gbádùn nítorí rẹ̀. Bí mo bá jókòó ti ìwé ní ìrọ̀lẹ́, á wá dúró lẹ́yìn mi, á ní, "Tíṣà, ẹ kà á sókè ká gbọ́." Nígbà tí mo yege ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama, ó lọ ra àpótí onípáànù fún mi ní Abẹ́òkúta, aláwọ̀ ewé, tó ní kọ́kọ́rọ́. Kò tíì rówó ilé-ìwé náà, àpótí ló kọ́kọ́ rà. Ìyá mi fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí kò tíì rí ẹṣin ti ra gàárì.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn ló pa á. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ kan, wọ́n padà sí ìdí kòtò yangí ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbẹ́ kòtò ti mumi, ó wó lù ú. Típà tí wọ́n fi ń kó yangí náà ni wọ́n fi gbé e wálé. Mùsùlùmí ni wá, wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Mi ò lè sọ bí ó ṣe rí lára mi, mo kàn mọ̀ pé mo ń wo yangí pupa tó wà létí rẹ̀, mo sì ń fẹ́ kí ẹnì kan bá mi nù ún.

Ọ̀gá àwọn lébìrà wá kí wa. Ó sọ fún ìyá mi pé ẹni tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìjọba a máa san owó gbà-má-bínú fún opó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì tó jẹun fúnra wọn. "Ẹ máà jẹ́ kó pẹ́ o, Ìyá Ìbejì," ó ní. "Ẹ lọ sí Ẹ̀rúwà." Ìyá Ìbejì ni gbogbo ayé ń pe ìyá mi nítorí àwọn àbúrò mi méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí o bá pe orúkọ yẹn lọ́jà Igbó-Ọrà, ìdajì ọjà ló máa dá ọ lóhùn. Láti ọjọ́ tí ọ̀gá yẹn ti wá la ti mọ ohun tí a fẹ́ fi owó náà ṣe. Ilé-ìwé mi ni. Ọ̀gá ilé-ìwé girama ti gbọ́ nípa ikú bàbá mi, ó ní òun á fi àyè mi sílẹ̀ di òpin sáà àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ìyá mi kò lè lọ sí Ẹ̀rúwà lójú ẹsẹ̀. Ó ní láti ṣe opó rẹ̀ parí nínú ilé, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Nígbà tó jáde, àwọn àgbà ẹbí pe ìpàdé. Bàbá Àgbà, tó jẹ́ olórí ẹbí wa, jókòó sórí àga rẹ̀, ìyá mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Ọkọ rẹ ló kú o, ilé ọkọ rẹ ò kú. Ilé yìí ò ní lé ọ." Ó wá fi ọwọ́ mú àbúrò bàbá mi, ẹni tí àwa ń pè ní Bàbá Kékeré, ó ní òun ni yóò máa gbọ́ bùkátà ìyá mi. Ìyá mi dúpẹ́. Gbogbo ilé ṣàmín.

Kí ẹni tí kò mọ àṣà wa má baà ṣì mí gbọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí opó ṣíṣú jẹ́ nílé wa nígbà yẹn. Láyé àtijọ́, àbúrò òkú ló ń fẹ́ ìyàwó òkú. Nígbà tèmi, ẹnu lásán ló kù níbẹ̀. Bàbá Kékeré ní ìyàwó tirẹ̀ àti àwọn ọmọ tirẹ̀. Iṣu ló ń gbé wá nígbà iṣu, àgbàdo nígbà àgbàdo. Bí òrùlé bá ń jò, òun la máa pè. Inú yàrá ìyá mi ni mò ń sùn, Bàbá Kékeré kò fi ọjọ́ kan ré kọjá ẹnu ọ̀nà. Bó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ìta ni á dúró sí, á wúkọ́. Síbẹ̀, níwájú ẹbí àti níwájú ayé, ìyá mi ní ẹni tó ń jẹ́ ọkọ rẹ̀, kò di ẹran tí kò ní olówó. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fún un, ọlá ni wọ́n sì kà á sí.

Àwa mẹ́ta la lọ sí Ẹ̀rúwà, ìyá mi, Bàbá Kékeré àti èmi, nínú lọ́rí onípákó. Bàbá Kékeré ló san owó ọkọ̀. Ó wọ agbádá tó fi ń kírun Yídì, ó sì ń gbọn eruku kúrò lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró. Akọ̀wé tó dá wa lóhùn kì í ṣe ará ìhà ọ̀dọ̀ wa, ohùn rẹ̀ jọ ti àwọn ará Oǹdó. Mi ò lè pè é ní ènìyàn búburú. Ó gbé àga fún ìyá mi, ó bá a kẹ́dùn. Ó béèrè orúkọ òkú, ìyá mi ní, "Bàbá Ìbejì."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Nígbó-Ọrà? Ìyá, Bàbá Ìbejì wo nínú wọn ni kí n kọ?"

Obìnrin kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀, ìyá mi tẹjú mọ́lẹ̀. Bàbá Kékeré ló bá a pe orúkọ náà. Wọ́n béèrè iye ọmọ, wọ́n béèrè ọjọ́ orí wa, Bàbá Kékeré àti ìyá mi jọ ń ṣírò rẹ̀ láti orí oko tí wọ́n dá lọ́dún tí wọ́n bí wa. Akọ̀wé ń kọ. Ó wá gbójú sókè.

"Ṣé ẹ lọ́kọ?"

Ìyá mi kò rò ó rárá. "Mo lọ́kọ o, Alihamudulilahi. Ọkọ mi ló jókòó yìí."

Bàbá Kékeré tún jókòó dáadáa, ó tún etí agbádá rẹ̀ ká sí èjìká. Akọ̀wé kọ ọ́. Ó ní ká máa lọ, pé wọ́n á ránṣẹ́ sí wa.

Mo ti rò ó títí, kò sí ohun mìíràn tí ìyá mi lè sọ. Kí ó jókòó ti ẹni tí ẹbí fà lé e lọ́wọ́, ẹni tó fi owó ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ nítorí rẹ̀, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò lọ́kọ? Ojú gbogbo èrò tó wà lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ ni ìbá ti dójú tì í. Àti pé obìnrin ń gbàdúrà ni bó bá ń sọ pé òun lọ́kọ, kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òdìkejì, kí Ọlọ́run má baà gbọ́. Nígbà tí à ń padà bọ̀, ìyá mi ra àkàrà ní gáréèjì fún gbogbo wa. Inú rẹ̀ dùn pé wọ́n gbọ́ tẹnu òun láì béèrè rìbá.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Bí lọ́rí bá ti ọ̀nà Ẹ̀rúwà wá, ìyá mi á dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró títí tí yóò fi kọjá. Ọyẹ́ dé, ọdún yí, ilé-ìwé girama wọlé. Mò ń fi omi àti aṣọ nu inú àpótí mi lójoojúmọ́, bí ẹni pé ìdọ̀tí ló ń dá mi dúró.

Lẹ́tà náà dé nígbà tí sáà àkọ́kọ́ ti ń lọ sópin. Tíṣà mi àtijọ́ ló kà á fún wa. Wọ́n ní àwọn kò lè san nǹkan kan, nítorí pé ẹni tó ń béèrè ti fẹ́ ọkọ mìíràn, ọkọ rẹ̀ ló sì ni bùkátà òun àti àwọn ọmọ. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó rò pé Tíṣà ń ṣeré ni. Ó ní, "Ọkọ wo? Ta ni mo fẹ́?" Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu.

Ó mú mi, a tún gba Ẹ̀rúwà lọ. Akọ̀wé yẹn náà la bá. Ó rántí wa.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o. Ohun tí ẹ sọ ni mo kọ. Ẹ tilẹ̀ tún nawọ́ sí ọkọ yín."

"Ẹbí ló ní kó máa wò mí," ìyá mi ní. "Bàbá Kékeré ni. Kò fọwọ́ kàn mí rí."

Ó dun akọ̀wé náà, mo rí i. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ níí fọ́, ohùn tó bá sì ti wọ inú fáìlì ìjọba, kò sí ọwọ́ tó lè ṣà á. Ó ní ọ̀nà kan ló kù. Kí a pe ẹjọ́ náà padà, kí olórí ẹbí wa wá sí kóòtù wá búra pé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ìyá mi kò di ìyàwó ẹnikẹ́ni. Ó kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ náà fún wa fúnra rẹ̀, kò gbowó. Ó ní tí bàbá náà bá ti lè wá, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Bàbá Àgbà kò jẹ́ kí ìyá mi sọ̀rọ̀ parí.

"Kí n lọ dúró níwájú ìjọba, kí n fi Kùránì búra pé ìyàwó ilé wa ò lọ́kọ? Kín ni kí ayé wá máa pè é? Kí ẹni tó bá yó ẹmu máa wá kan ilẹ̀kùn ẹ̀ ni?"

"Bàbá, nítorí ilé-ìwé ọmọ ni," ìyá mi ní.

"Ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n owó tí á sọ ìyàwó wa di ìyàwó ìta, kí ìjọba máa jẹ ẹ́."

Bàbá Kékeré wà níbẹ̀, ó ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bínú sí Bàbá Àgbà fún ọdún púpọ̀. Nísinsìnyí tí mo ti ń súnmọ́ ọjọ́ orí rẹ̀, mo rí i pé ó rò pé ìyá mi ni òun ń dáàbò bò. Ìbínú náà kò lọ, kò kàn mọ ibi tí yóò jókòó sí ni.

Ọjọ́ mélòó kan kọjá. Ìyá mi wá sọ fún mi níbi tí a ti ń ṣa ẹ̀gúsí pé òun máa lọ. Bí àwọn àgbà kò bá lè bá òun sọ pé òun kò lọ́kọ, òun á ṣe é kó di òótọ́. Òun á kó ẹrù òun padà sí ilé bàbá òun ní Ayétẹ̀, gbogbo ayé á sì mọ̀ pé òun ti kọ ilé. Nígbà náà, kò sí akọ̀wé tó lè sọ pé òun lọ́kọ. Àwa ọmọ kò lè bá a lọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó sọ ọ́. Obìnrin tó bá kọ ilé, òun nìkan ló ń lọ. Ọmọ, ti ilé ni.

Kò ní ohun tí yóò kó ẹrù sí. Èmi ni mo gbé àpótí mi fún un. Ó kọ̀, mo fi dandan lé e, ó wá kó ìró rẹ̀ mẹ́ta àti ṣálúbàtà rẹ̀ sínú àpótí tí bàbá mi rà fún ilé-ìwé girama. Ní gáréèjì, àwọn ìbejì di aṣọ rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, èmi ni mo já ọwọ́ wọn. Ó ní, "Tí wọ́n bá ti lè fowó yẹn lé mi lọ́wọ́ báyìí, èmi gan-an ni n ó wá mú ọ lọ sílé-ìwé. N ó padà wá gbé àpótí ẹ fún ọ." Lọ́rí gbéra, ó gba ọ̀nà Ìdèrè lọ. Mo fa àwọn ìbejì lọ́wọ́ padà sílé.

Láti Ayétẹ̀, kò sí bí èèyàn ṣe máa dé Ẹ̀rúwà tí kò ní gba Igbó-Ọrà kọjá. Bí ó bá ń lọ wo ọ̀rọ̀ náà, ó máa ń ránṣẹ́ sí wa ṣáájú, a ó lọ dúró dè é ní gáréèjì. Lọ́rí á dúró kó èrò, ìyá mi kò ní sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má rí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Igbó-Ọrà, kí ẹnì kan má lọ wí pé ó ti padà sílé ọkọ. Láti òkè ọkọ̀ ni á ti na ẹ̀kọ tàbí ìṣáná tàbí ọsàn sí wa. Àwọn ìbejì á na ọwọ́ sókè. Á bi wọ́n bóyá wọ́n ti wẹ̀. Dírẹ́bà á fun fèrè, ó parí nìyẹn.

Nígbà tí ó kọ́kọ́ lọ, ó ní kí n wọlé sọ́kọ̀ kí n bá òun lọ. Akọ̀wé wa ti kúrò, wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Bàbá kan tó wọ awò ojú la bá níbẹ̀. Ó wá fáìlì wa títí, ó rí i, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀, ó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wá gbójú sókè.

"Ṣé ẹ lọ́kọ?"

"N ò lọ́kọ."

Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá náà fi ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ojú tì í, mo rí i lára ọrùn rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀ lójú ọjà.

"Àwọn ọmọ dà?"

"Wọ́n wà nílé bàbá wọn."

Bàbá náà yọ awò rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí ti di méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, ìyá mi ní òun lọ́kọ, ó tún ní òun ò lọ́kọ, ẹnì kan ní láti jẹ́rìí sí ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, owó àwọn ọmọ kò lè bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí àwọn ọmọ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí ẹni tí àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ wá, kí ó wá sọ fún wọn pé òun ò fẹ́ obìnrin náà, àti pé òun fara mọ́ ọn kí wọ́n san owó fún un. Ó bá wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Èmi ni n kò ní sùúrù. Mo fẹ́ bi í léèrè pé ṣé kì í ṣe nítorí ìbéèrè yín ni a kò ṣe sí lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyá mi ti tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Bàbá Kékeré gbà láti lọ. Kò sọ fún Bàbá Àgbà. Ó dágbére oko, ó fi agbádá Yídì rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ wọkọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló dé, ara rẹ̀ yá gágá. Mo bá a dé ìdí ààrò, mo ní kín ni wọ́n bi í.

"Wọ́n ní ṣé ìyàwó mi ni ìyá yín."

"Kín lẹ wá sọ, Bàbá?"

"Mo ní ìyàwó wa ni." Ó wò mí bí ẹni tó ń retí ìyìn. "Mo ní bó ti ẹ̀ bínú lọ, ìyàwó wa ni, a ò kọ̀ ọ́, ọjọ́ tó bá wù ú kó padà, ilé ẹ̀ ló ń padà sí. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fojú ọmọ òrukàn wò yín."

Ẹ gbà mí. Ẹni tó dọ́gbọ́n kúrò nílé láti lọ sọ pé òun kò ní ìyàwó, nígbà tó dé ibẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Kò sí bí a ó ti ṣe ebòlò tí kò níí rùn ìgbẹ́. Bó ṣe rí lójú rẹ̀, kí ó sọ pé ìyá mi kì í ṣe tiwọn jẹ́ pé kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn, kò sì lè ṣe é sí i. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo bú sẹ́kún, ó rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Ó fọwọ́ pa mí lórí.

Àwọn ará Ẹ̀rúwà ní àwọn kò mọ èyí tí àwọn máa gbà gbọ́ mọ́, wọ́n fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn kí àwọn ọ̀gá lọ yanjú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, "ó wà n'Ìbàdàn" ni orin tí a ń gbọ́. Sáà tí wọ́n fi àyè mi sílẹ̀ fún mi kọjá, wọ́n fún ọmọbìnrin mìíràn. Mo mọ̀ ọ́n. Mo máa ń rí i nígbà ìsinmi tó bá wọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ wá kí àwọn èèyàn rẹ̀, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Bàbá Kékeré fi àgbàdo rẹ̀ bẹ aránṣọ kan kó gbà mí síṣẹ́. Àwọn ìbejì tẹ̀ lé e lọ sóko. Rògbòdìyàn àwọn olóṣèlú gbòde ní gbogbo ilẹ̀ wa, àwọn ológun gba ìjọba, ogun bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn, ogun parí. Nígbàkigbà tí ìyá mi bá dé Ẹ̀rúwà, ẹni ọ̀tọ̀ ni á bá lẹ́yìn tábìlì, onítọ̀hún á sì ní ẹ̀rù pọ̀ nílẹ̀, kí ó ṣe sùúrù.

Ó sì ń ṣe é. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Kò lè padà sí Igbó-Ọrà, torí bó bá padà, irọ́ ló pa fún ìjọba nìyẹn, ẹjọ́ sì ti kú. Ọkùnrin kan wà ní Ayétẹ̀, àgbẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, èèyàn jẹ́jẹ́, tó wá bẹ̀bẹ̀ pé kó wá fẹ́ òun. Ìyá mi kò tíì dàgbà nígbà yẹn. Mo rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín bí ọkùnrin náà bá kọjá tó bá kí wa. Ó ní rárá fún un, nítorí bí òun bá fẹ́ ẹ, òun ti lọ́kọ nìyẹn, ẹni tó bá sì wá láti Ìbàdàn á bá òun níbẹ̀. Ọkùnrin náà dúró títí, ó fẹ́ ẹlòmíràn. Ìjọba kò san owó, kò sì jẹ́ kí ó lọ́kọ, kò sì jẹ́ kí ó tọ́ ọmọ. Kò sẹ́ni tó bá a wí fún ohunkóhun o. Wọ́n kàn ní kó dúró díẹ̀ ni.

Ìdáhùn dé lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti sọ pọ́ùn di náírà. Mo ti bí ọmọ méjì nígbà náà, mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi. Wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí Igbó-Ọrà, mo gbé e lọ sí Ayétẹ̀ fúnra mi. Kò pẹ́ kà. Wọ́n ní àwọn ọmọ tí wọ́n tìtorí wọn béèrè owó ti dàgbà, wọ́n ti ń jẹun fúnra wọn, kò sí ẹni tí ìjọba máa san nǹkan kan fún mọ́, àwọn sì ti pa fáìlì náà dé. Mo kà á fún un ní èdè Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, láti orí dé ìsàlẹ̀.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Wọ́n wá kọ ọ́ pé mo lọ́kọ àbí n ò lọ́kọ?"

Mo tún wò ó. Wọn ò kọ ọ́.

"Wọn ò kọ ìyẹn rárá?"

"Wọn ò kọ ọ́, Ìyá."

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó yí i padà wo ẹ̀yìn, bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sí Igbó-Ọrà, pé kò sí ohun tó ń dá a dúró mọ́. Ó ní ọ̀dọ̀ ta ni òun máa lọ? Bàbá Àgbà ti kú. Bàbá Kékeré ti kú ṣáájú ìgbà yẹn, ó ń pè é ní ìyàwó wa títí ó fi kú. Yàrá ìyá mi ti di ti ìyàwó tí ọmọ Bàbá Kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé, ọmọ kékeré kan tí kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kó wá sílé tèmi. Ó ní òun ò lè wá máa gbé nílé àna.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ti pín ìpínlẹ̀, a ti di ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Oúnjẹ kì í dúró nínú rẹ̀. Mo lọ mú un wá sí ilé ìwòsàn. Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú àpótí onípáànù yẹn, àwọ̀ ewé rẹ̀ ti bó tán, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù, okùn ló fi dì í. Nígbà tó rí mi tí mò ń wò ó, ó ní, "Mo ní n ó gbé e padà fún ọ."

A tò títí ó fi kàn wá. Ọmọbìnrin kékeré kan ló ń kọ káàdì, ó mọ́ tónítóní, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ìyá mi kó tó jókòó. Ó béèrè orúkọ, mo sọ ọ́. Ó béèrè ìlú, mo sọ ọ́. Ó wá gbójú sókè, ó kọjú sí ìyá mi fúnra rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ṣé ẹ lọ́kọ?"

Ìyá mi yíjú sí mi. Ó di okùn àpótí náà mú. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ náà má baà gbọ́.

"Èwo ni kí n wí," ó ní, "kí wọ́n lè tọ́jú mi?"

Ọmọbìnrin náà ṣì gbé bírò rẹ̀ lé ìwé, ó ń dúró.